Bọ́nẹ́ẹ̀tì Tí A Kì Í Ṣí

Ọkọ̀ Hàmdálátù kò kú. Ì bá kú, ì bá sàn, nítorí ọkọ̀ tó bá kú a máa dákẹ́. Tirẹ̀ ń pariwo. Yóò tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì yóò bú ramúramù bí ẹni tó fẹ́ fò, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́ títí kẹ̀kẹ́ Màrúwà yóò fi kọjá lára rẹ̀, tí àwọn èrò inú kẹ̀kẹ́ yóò yọrí síta láti wo irú awakọ̀ wo nìyẹn. Ojú ń tì í. Ojú ń tì í débi pé ó ti dẹ́kun kíkí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹyọ ọkọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn èrò tirẹ̀ tí kò yí padà: àwọn nọ́ọ̀sì tó ń sọ̀ ní Ìpẹ̀rú, àti àwọn tísà tó ń bá a dé Ìsarà. Láràárọ̀ ló ń kó wọn ní Ṣàgámù, ìrọ̀lẹ́ ló sì ń kó wọn padà. Kó tó di pé ó ń wakọ̀, ìdí ìsọ̀ ẹlòmíì ló ń jókòó sí nítòsí ìkóríta, tó ń ta àpò fóònù, tí onísọ̀ ọ̀hún sì ń yọ ojú sí i nígbàkígbà tó bá dìde láti lọ kírun. Ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀ ló ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò padà sídìí ìsọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ láyé. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó ti jẹ ọ̀gá ara rẹ̀, ta ló fẹ́ padà lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ?

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Tó bá gbé ọkọ̀ jáde ní Ijoku, àdúgbò wọn ní Ṣàgámù, láàárọ̀, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kó tó kọjá Òde Rẹ́mọ, tí ara ọkọ̀ ti gbóná, gíà á bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀. Bó bá ń gun òkè, á yọ̀. Bó bá ń yípo ní ráńdábáò, á yọ̀. Bó bá tún bọ́ sójú títì tó tẹ́jú, á gbá dìmú, á máa lọ bíi pé kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Tísà Morónkẹ́, tó máa ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé òun àti àwọn yòókù ti bá awakọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, pé bí ọkọ̀ kò bá tíì dáa ní Mọ́ńdè, kó má bínú. Hàmdálátù ní òun kò bínú. Irọ́ ni.

Bàbá rẹ̀ ni Àlímì, tí gbogbo Ijoku mọ̀ sí Bàbá Àlímì. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó obì láti Ṣàgámù lọ sí òkè Ọya ni bàbá náà fi gbogbo ìgbà agbára rẹ̀ wà. Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò gba títẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ó ra ọkọ̀ kékeré tòkunbọ̀ tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì, ó wà á fúngbà díẹ̀, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn kan bi í léèrè pé obìnrin kẹ̀? Ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára síárìn pé ọkùnrin ni kó wà á. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ọkọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti kírun ìdájí tán, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á mú àkísà funfun rẹ̀, á fa géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, á fa géèjì ọ́ìlì gíà, á wo omi, á pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, á ní, "Ó kún. Máa lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń fún Hàmdálátù lágbára láti jáde.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí Bàbá kì í ṣeré pẹ̀lú rẹ̀: a kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sí mọ́. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀gẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ láti gbọ́ ohun tó ń dún níbẹ̀, fáànù fi apá aṣọ rẹ̀ fà á, ó sì gba ìka náà lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó kọ́ ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé kí o kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí o tó ṣí nǹkan kan. Hàmdálátù kò tíì rí inú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Ó ti ń wà á láti ọjọ́ pípẹ́, kò rí i rí.

Nígbà tí gíà bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀, òun àti Bàbá ló jọ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Lìádì, mẹkáníìkì wọn. Ọ̀gá tó kọ́ Lìádì níṣẹ́, ọmọ ẹ̀yìn Bàbá Àlímì ni. Lìádì dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi géèjì gíà bó ṣe yẹ kí ọwọ́ mẹkáníìkì lọ. Ibẹ̀ ni Bàbá ti sọ pé òun ti wò ó ní ìdájí, pé ó kún. Lìádì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Bí àgbàlagbà tó bí ọ̀gá rẹ nínú iṣẹ́ bá sọ pé òun ti wo nǹkan, tí ìwọ sì fà á yọ lójú rẹ̀ láti tún un wò, o ti pè é ní òpùrọ́ nìyẹn láìla ẹnu. Lìádì gbé ọkọ̀ jáde, ó gbọ́ bó ṣe ń bú, ó rí i pé kò lọ, ó padà wá, ó sì mi orí. Ó ní tí ọ́ìlì bá kún, tí gíà sì ń yọ̀, a jẹ́ pé inú gíábọ́ọ̀sì ló ti jẹ tán. Ó ní kí wọ́n lọ wá òmíràn ní Èkó.

Wọn kò lágbára gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Bàbá ronú sí i, kò jẹun dáadáa, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ta ọkọ̀ fún ọkùnrin kan tó máa ń ra ọkọ̀ tó bá ti bàjẹ́, tó ń tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Lìádì ló mọ ọkùnrin náà. Wọ́n ní yóò wá gbé e ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásárì.

Òwúrọ̀ Sátidé ọ̀hún nìyí, Hàmdálátù jókòó sínú ọkọ̀ nínú ọgbà, ó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde: bàtà, ike omi, tẹ̀sùbáà tó so mọ́ dígí. Ó ń kó wọn jáde, ó tún ń dá wọn padà. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á.

Lẹ́yìnkùlé, ìyá rẹ̀, Wúlẹ̀mọ̀tù, tan ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Àwọn ayálégbé ti ń pọn láti ìdájí, gbogbo dúrọ́ọ̀mù ló sì fẹ́ kún lọ́jọ́ fífọ aṣọ. Ó pẹ́ díẹ̀, ìró ẹ̀rọ náà yí padà. Ó ń bú, ó ń bú, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, kò sì sí omi lẹ́nu họ́ọ̀sì, àfi atẹ́gùn tó ń tú jáde tó tún ń dákẹ́. Ìyá ké sí ẹni tó wà nítòsí pé kí wọ́n pa á kó tó jóná. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé ní kò lè jẹ́ omi ló tán, nítorí òun yọjú sí kànga ní ìdájí, omi ga dáadáa nínú rẹ̀.

"Ìdájí lo wò ó," ni Ìyá sọ. "Kò tíì sí ẹni tó ń fà á nígbà yẹn. Wá wò ó nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ń fà."

Hàmdálátù di tẹ̀sùbáà mú sọ́wọ́. Ohùn yẹn, òun mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ tó ń bú tí omi kò jáde, ohùn ọkọ̀ òun ní òkè Ìsarà gan-an ni. Ó rántí pé Lìádì ti sọ fún òun rí pé pọ́ǹpù wà nínú gíà irú ọkọ̀ yìí, pé ọ́ìlì tí pọ́ǹpù yẹn ń fà ló ń gbé ọkọ̀ lọ. Ó sì rántí ráńdábáò. Bó bá jẹ́ pé inú gíà ló jẹ, ṣé ohun tó ti jẹ tún ń mọ ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yípo? Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá kù díẹ̀ nínú ìkòkò, tí o dẹ ìkòkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣíbí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì kò ní bù nǹkan kan.

Ọ́ìlì ni kò tó. Ṣùgbọ́n géèjì ní ó kún, láràárọ̀ ló ń ní ó kún. Ìdájí ni Bàbá ń wò ó, kò sì tíì sí ohun tó ń fà á.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa géèjì gíà yọ nínú òtútù òwúrọ̀ náà. Ó kún lóòótọ́. Ọ́ìlì ara rẹ̀ pupa, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rùn bí ohun tó jó. Ó nu ún, ó sì wo àmì ara irin náà dáadáa, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́. Àmì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ìgbà tí ara bá tutù, ọ̀kan fún ìgbà tó bá gbóná. Ta ni yóò kọ àmì gbígbóná sára ohun tí wọ́n ń wò ní tútù nìkan? Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀, ọ̀nà náà sì ni ohun tí a kì í ṣe nínú ilé wọn.

Ó lè dúró kí Bàbá jáde lọ. Ó rò ó. Bàbá kì í pẹ́ lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Sátidé, ó sì lè ṣe é kánkán kó tó dé. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Kò fẹ́ fi olè jíjà gba ọkọ̀ tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un.

Ó gbé ọkọ̀ jáde, ó yí ká àdúgbò lọ sí Ibido, ó padà, títí ara ọkọ̀ fi gbóná, tí ó sì tún yọ̀ níwájú ilé wọn gan-an bíi pé ó fẹ́ dójú tì í. Ó gbé e sórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú nínú ọgbà, kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó so híjáàbù rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọrùn pinpin, ó ká apá aṣọ sókè dé ìgúnpá. Nígbà náà ló tó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá Bàbá, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Bàbá kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Nígbà tó yé e, ó dìde kúrò lórí àga, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn lọ dúró síwájú ọkọ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí inú bá bí i, èdè Rẹ́mọ ìgbà èwe rẹ̀ ló máa ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Nínú ulé yìí," ló wí, "a kì í ṣí i. O mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ìka mi ńkọ́? O ò rí i ni?"

"Mo rí i. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi múra báyìí. Fáànù wà níwájú, géèjì wà lẹ́yìn, ní ẹ̀gbẹ́ ibí. Ẹ wo ibi tí ọwọ́ mi máa gbà, kò ní dé ọ̀dọ̀ fáànù."

Bàbá kò kúrò. Ó wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó tún wo tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì béèrè ohun tí Hàmdálátù ti ń bẹ̀rù pé yóò béèrè. Ó ní ṣé ó ń sọ pé òun kò mọ géèjì kà.

"Ẹ mọ̀ ọ́n kà," ni Hàmdálátù dáhùn. "Gíà ọkọ̀ obì yín, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ló ń gbé e. Èyí ní pọ́ǹpù nínú, Bàbá. Nígbà tí ẹ ń kà á, pọ́ǹpù kò tíì fa nǹkan kan. Bí kànga ẹ̀yìnkùlé yẹn ni."

"Tó o bá wò ó, tó sì kún ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá fún ọkùnrin yẹn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ò ní gbọ́ ẹjọ́ kankan lẹ́nu mi mọ́."

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn Bàbá, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ń lọ sára aṣọ rẹ̀. Ìyá ti jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni Bàbá kúrò níwájú ọkọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì rọra wọlé jókòó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì le. Ó ní bí wọ́n bá máa ṣe é, kì í ṣe ẹlòmíì ni yóò tẹ bíréèkì fún ọmọ òun.

Hàmdálátù ní kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó mú gíà kọjá ní gbogbo ibùdó rẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, kó rọra dá a padà sí ibi ìgbọ́kọ̀dúró. Bàbá ṣe é bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Hàmdálátù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ooru àti ariwo jọ kọ lù ú lójú, ó sì rí fáànù náà níwájú tó ń yí títí kò fi hàn mọ́. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ó fi ọwọ́ òsì di ara ọkọ̀ mú, ó na ọ̀tún jìnnà sí fáànù, ó fa géèjì, ó nu ún, ó tì í padà, ó tún fà á.

Ó gbẹ. Orí irin náà nìkan ló tutù díẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, jìnnà sí àmì gbogbo.

Ó gbé e lọ síbi fèrèsé awakọ̀ kó lè hàn sí Bàbá. Bàbá mú irin náà, ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Gbogbo ìdájí tó ti ń sọ pé ó kún, gbogbo ìgbà tó ti ní kó máa lọ, Hàmdálátù rí i bí wọ́n ṣe ń kọjá lójú rẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé inú dídùn tirẹ̀.

"Ẹ má tú ẹsẹ̀ lórí bíréèkì," ló sọ fún un.

Bàbá ní òun kò tú u.

Níbi tí àṣà Bàbá ti dára nìyí: kò sí ọjọ́ kan tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà àti kẹ́ẹ̀gì omi kì í sí nínú bùútù. Hàmdálátù mú àrọ, ó ki ẹnu àrọ náà bọ ihò géèjì, ó ń da ọ́ìlì pupa náà sí i díẹ̀díẹ̀, ó ń wò ó, ó tún ń dà, títí ó fi kan àmì gbígbóná. Ó ṣì ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni èyí tó ti wà níbẹ̀ gbà lọ, nígbà tí kò sí ẹ̀kán kan nílẹ̀ ọgbà láràárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó tan iná fóònù sábẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i. Họ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ sí iwájú, sídìí rédíétọ̀, ń ro tó, tó, tó, gbogbo rẹ̀ sì ń já sínú ike ńlá tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ike náà ló ń gbà á, lójú ọ̀nà ló sì ń dà á nù. Tí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù á sinmi, ríro á dáwọ́ dúró. Bàbá ì bá wo ilẹ̀ títí di ọ̀la, kò ní rí nǹkan kan.

Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀. Ẹni tó ṣe é dá kílíìpù àtijọ́ tó ti dógùn-ún padà sẹ́nu họ́ọ̀sì náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Hàmdálátù ní kí Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó dúró kí ara rẹ̀ tutù, dídúró yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó gé ẹnu họ́ọ̀sì tó ti rọ̀ kúrò, ó ki èyí tó le mọ́ ẹnu irin. Kò sí kílíìpù tuntun nílé, ni Ìyá bá wọlé, ó mú èyí tó pamọ́ fún họ́ọ̀sì ẹ̀rọ omi jáde. Ó bá a mu. Hàmdálátù sùn sórí àpò sìmẹ́ńtì lábẹ́ ọkọ̀, ó fi sukudiráfà yí i títí ọrùn ọwọ́ fi ń ro ó, ọ́ìlì ń kán sí i lápá, kò kà á sí.

Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì gbẹ. Wọ́n wò ó títí, ó gbẹ. Ó fi ìwọ̀nba ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù sínú kẹ́ẹ̀gì dí èyí tó ti ro nù nígbà tó ń gé họ́ọ̀sì, Bàbá wọ ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, wọ́n sì gbéra.

Wọ́n kọjá Ìpẹ̀rú, wọ́n kọjá Òde. Nígbà tí òkè Ìsarà yọ níwájú, Hàmdálátù tẹná mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ sì lọ. Ó gbá òkè náà mú, ó gùn ún, wọ́n sì dé orí òkè láìyọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Hàmdálátù bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń jáde lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá ń wo ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ pé díẹ̀ ló kù kí òun fi ọwọ́ ara òun ta iṣẹ́ ọmọ òun. Hàmdálátù ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní òun ń sọ ọ́ nítorí òótọ́ ni.

Ìgbà tí wọ́n dé Ijoku, wọ́n ti kírun alásárì tán. Lìádì àti ọkùnrin tó ń ra ọkọ̀ ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá ti fún wọn lómi. Lìádì rí bí ọkọ̀ ṣe wọlé, ó dìde. Mẹkáníìkì ni, etí rẹ̀ ti sọ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó sì ń wo Hàmdálátù, ó fẹ́ béèrè, kò mọ bí yóò ṣe béèrè rẹ̀.

Hàmdálátù na ọwọ́ láti pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀, ó jáde, ó lọ síwájú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ tí kò ní ìka ìlábẹ̀ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin tó ń ra ọkọ̀ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Lìádì," ni Bàbá pè é. "Bọ́ aago ọwọ́ rẹ. Ká apá aṣọ rẹ. Wá fa géèjì gíà."

Lìádì súnmọ́ ibẹ̀, ó dúró. Ó béèrè bóyá Bàbá kò tíì wò ó fúnra wọn.

"Mo ti wò ó," ni Bàbá Àlímì sọ. "Wò ó, má gba tẹnu mi."

Lìádì tún wo ojú Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ̀ bóyá ìbínú ni. Kì í ṣe ìbínú. Ó bọ́ aago rẹ̀ sápò, ó na ọwọ́, ó sì fà á.